Ẹ̀rọ Geiger kékeré fún kíláàsì: ohun tó lè kà àti ohun tí kò lè kà

Ẹ̀rọ Geiger, ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán (radiation) tí ojú kò lè rí, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín; orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àjàṣẹ́, owó mi kò sì ṣòfò. Páìpù SBM-20, iṣẹ́ àwọn ará Soviet ìgbà kan, ló wà nínú rẹ̀: irin roboto tẹ́ẹ́rẹ́ tí gáàsì kún inú rẹ̀, tí wáyà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, tí iná bíi 400 fóltì sì wà láàárín irin àti wáyà. Bí ìtànṣán bá gba inú gáàsì yẹn kọjá, á já elẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ (àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná) gbà lára átọ́ọ̀mù gáàsì náà. Àwọn wọ̀nyí á sáré lọ sí ìdí wáyà, wọ́n á máa já òmíràn gbà lọ́nà, títí wọn yóò fi pọ̀ tó ohun tí ẹ̀rọ lè gbọ́. Ní kíláàsì, nígbà tí a kò tíì gbé ohunkóhun sí i nítòsí, ó ń dún ta, ta-ta, ó dákẹ́, ó tún dún ta. Àwọn ọmọ sì rí i pé ìtànṣán wà ní àyíká wa gbogbo, kì í ṣe ní ilé ìwòsàn nìkan.

Ìwé inú páálí ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìtànṣán tí ẹ̀rọ náà kò lè wọ̀n, bó ti wù kó pọ̀ tó. Irọ́ ni. Lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, àwọn áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù gáàsì tí a já elẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára wọn), tí wọ́n wúwo, máa ń rọra kúrò ní ìdí wáyà, odindi páìpù á sì dití fún nǹkan bí ìdá 190 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí 1,000 bá wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí 840 ni yóò kà. Bí ó bá wá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, irú páìpù yìí lè dití pátápátá kí ó máa fi òdo hàn níbi tó yẹ kí ènìyàn ti sá, èyí ló sì mú kí irọ́ náà burú.

Àwọn tó ń wọn ìtànṣán alágbára tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ ńláńlá bíi ti CERN, ilé ìwádìí físíìsì ti ilẹ̀ Yúróòpù, kì í gbé e ka irú páìpù yìí. Ní 1968, Georges Charpak ta ọ̀pọ̀ wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú gáàsì kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá ṣe tirẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1992. Ní 1997, Fabio Sauli fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò wáyà: nínípọn rẹ̀ jẹ́ 0.05 mílímítà, bàbà bo ojú rẹ̀ méjèèjì, a sì dá ihò wínníwínní sí i lára, bíi 0.14 mílímítà láàárín ihò kan àti èkejì. Inú ihò wọ̀nyí ni elẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń pọ̀ sí i, áyọ́ọ̀nù kò sì ní ọ̀nà jíjìn láti rìn, nítorí náà ó lè ka ju 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí mílímítà kan níbùú lóròó.

Olùkọ́ tó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ lè ra ẹ̀rọ Geiger yìí láìfòyà. Ní ti àwa tí a wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin lè mú kí iná 400 fóltì yẹn máa jò lórí pátákó rẹ̀, nítorí náà inú ike tó dé dáadáa ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí.