Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Takie, àti ọmọ IT tó bi mí nípa inú mi

Eyín ló lé mi débẹ̀ o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún wú bí ẹni tó ki àkàrà bọ ẹnu, dókítà eyín wá kọ Augmentin 625 fún mi, antibiotic tó ń pa kòkòrò àrùn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ibi tí mo ti máa ń ra oògùn sì ti tilẹ̀kùn, ni mo bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, tí mi ò dé rí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bú wọn ná. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà níwájú mi, mo dúró tó ogójì ìṣẹ́jú, kò sí àga, fáànù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ẹni tó ń gbowó ló kọjú ẹ̀ sí. POS wọn náà ò lọ.

Àmọ́ ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ kóòtù funfun, ọmọ tó ń kọ́ pharmacy ni, IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé, ló wá ṣe. Ó wo ìwé dókítà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, tẹ́ ẹ bá lo irú èyí, ṣé kì í mú yín ṣe gbuuru?" Hẹ̀n! Ìgbà tí mo lò ó gbẹ̀yìn mò ń lọ Ìbàdàn, ká tó dé Ọ̀yọ́ mo ti dá dẹrẹ́bà dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní antibiotic ò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, àwọn kòkòrò tó ń ṣe wá lóore nínú ìfun náà ń bá a lọ. Ó mú Enterogermina jáde, ìgò kékeré bí ìka, omi inú ẹ̀ rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ó ní bílíọ̀nù méjì kòkòrò oore tí wọ́n ń pè ní Bacillus clausii ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi báírò kọ ọ́ sára páálí: Augmentin aago 8 pẹ̀lú oúnjẹ, èyí aago 10, kí méjèèjì má bàa pàdé.

Mo bi ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe IT bóyá bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ó ní kí n kàn gbé méjèèjì mì pọ̀ jàre. Ọmọbìnrin yẹn tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ káńtà, mo rí i. Ọmọkùnrin náà ní Saccharomyces boulardii lòun ń rò, ìwúkàrà nìyẹn, antibiotic kì í pa ìwúkàrà. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lo ń tà fún mi!

Mo ní ṣé omi ògì ò lè ṣe é? Ọmọbìnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kòkòrò oore wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ téèyàn bá ti sè é wọ́n ti kú, kò sì sẹ́ni tó ka iye wọn. Yógọ́ọ̀tì ńkọ́? Ó ní kò burú pẹ̀lú Augmentin, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ cipro, antibiotic mìíràn, ni, kálísíọ́ọ̀mù inú wàrà á di oògùn náà mú, ara ò ní rí i lò dáadáa. Ó tún ní kì í ṣe dandan kí n rà á, tí inú mi bá lágbára kí n fowó mi pamọ́, pé ẹni tí ara ẹ̀ ò lágbára láti bá àrùn jà gan-an ó yẹ kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ọ̀gá wọn kàn ń wò ó ni.

Mo rà á, owó ẹ̀ sì dùn mí. Ọjọ́ méjì péré ni ìgbẹ́ mi fi rọ̀, mi ò lè búra pé ìgò yẹn ni sha. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ mú kéèṣì dání, kẹ́ ẹ sì bèèrè ọmọ tó ń fi báírò kọ aago sára páálí.