Amọ̀nà tó mọ Erédò Súngbọ́ dunjú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dáadáa kò gbọdọ̀ fi ìkánjú wo Erédò Súngbọ́, yàrà àtijọ́ tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó sì tó mítà 20 láwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri. Amọ̀nà ọmọ ìlú tó mú wa lọ jẹ́ ká dúró fọwọ́ kan ògiri tí ewédò ti bò, ó sì ṣàlàyé bí erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ṣe di òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrà. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi. Àmọ́ obìnrin kì í wọ ojúbọ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà, ní Òkè-Ẹ̀rì nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì yẹ kí amọ̀nà máa sọ èyí kí àlejò tó sanwó. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.