Ibi tí kánsù ń ti ewúrẹ́ mọ́: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ̀ ń sin ẹran, ẹ wá gbọ́ o. N ò ní dárúkọ kánsù tó ni ọgbà yìí torí n ò wá ìjà, iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí lójú mi. Wọ́n mú ewúrẹ́ wa nígboro, èmi ni mo lọ gbà á.

Ká sòótọ́, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran níbẹ̀ dáa ju bí mo ṣe rò lọ. Páànù ni wọ́n fi yí ọgbà náà ká, ibòòji wà, wọ́n gé gálọ́nù sí méjì wọ́n bu omi sí i, èèpo iṣu sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, débi pé ewúrẹ́ wa ò tiẹ̀ wojú mi nígbà tí mo dé, ó ń jẹun ẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Ìràwọ̀ kan nìyẹn. Ìkejì, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni mo fún un, kì í ṣe kánsù.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni ẹran ni wọ́n ti bà á jẹ́. Tí wọ́n bá mú ẹran, wọn kì í kọ àdúgbò tí wọ́n ti mú un, wọn kì í ya fọ́tò, wọn kì í kọ àwọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, páálí ni wọ́n ń fà ya tí wọ́n á kọ nọ́ńbà sí tí wọ́n á so mọ́ ọn lọ́rùn, èyí tó wà lọ́rùn tiwa sì rèé, ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti jẹ ẹ́, ó ku okùn. Mo wá ṣàlàyé fún ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì pé èyí tó pupa rúsúrúsú yẹn, tí etí òsì ẹ̀ gé díẹ̀, tiwa ni. Ó ní kí n mú risíìtì wá. Risíìtì ewúrẹ́! Ewúrẹ́ tí wọ́n bí sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa, ta ni kó buwọ́ lu risíìtì ẹ̀, òbúkọ?

Ọkùnrin kan sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé tó ní ewúrẹ́ òun ni. N ò lè pè é lólè o, ewúrẹ́ pupa pọ̀ nígboro. Wàhálà tèmi tún wá lé kan torí pé ọ̀sìn ni ewúrẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní Ìsẹ́yìn ló ni ín, màmá mi ń bá wọn sìn ín, tó bá bímọ wọ́n á pín in bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn. Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín àbí ẹ̀yin kọ́?" Mo ní, "Àwa ni sà, àmọ́ kì í ṣe àwa nìkan." Ó wò mí tìyanutìyanu. A pe ìyá náà lórí fóònù, kí wọ́n tó kí mi tán, kí wọ́n bèèrè ìyàwó, kí wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, kírẹ́díìtì ti fẹ́ẹ̀ tán.

Bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà ló gbà wá. Wọ́n ní ṣé ewúrẹ́ yẹn ní ọmọ nílé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní kí n lọ gbé e wá. Mo gbé ọmọ náà sínú báàgì, mo wọ Micra, gbogbo wa gbọ́ igbe ẹ̀ dé ọ̀hún. Bó ṣe ké ní ẹnu géètì báyìí, ìyá ẹ̀ fi èèpo iṣu sílẹ̀, ó dáhùn, ó ń fa okùn bọ̀. Ọkùnrin yẹn fúnra ẹ̀ ní "tiyín ni", ó sì kọjá síwájú lọ wá tiẹ̀.

Ẹ má rò pé Ìbàdàn nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ní New York àtijọ́, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ̀ kiri títì. Ní 1819 wọ́n gbé alápatà kan, Christian Harriet, lọ sí kóòtù torí ẹlẹ́dẹ̀ tó dà sígboro, àwọn tó gbèjà ẹ̀ ní ẹran yẹn ló ń bá wọn jẹ ìdọ̀tí, àwọn tálákà ló sì ń fi ṣe oúnjẹ, síbẹ̀ ó jẹ̀bi. Ìjọba wá ń rán kẹ̀kẹ́ ẹrù jáde kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ sílé ìtọ́jú àwọn aláìní. Ní 1821 àwọn tó ni ẹran, obìnrin pọ̀ nínú wọn, bá ya bo àwọn tó ń kó o, wọ́n gba ẹran wọn padà. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1825, 1826, 1830 àti 1832. Kò parí síbẹ̀, ìgbà tí onígbáméjì jà ní 1849 ni ọlọ́pàá wá lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́dẹ̀ kúrò láàárín ìgboro. Èmi ò bá wọn wí pé wọ́n jà. Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni kóló wọn, ta ló máa gbé kóló ẹ tí wàá máa wò?

N ò sì sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹran máa dà kiri o. Ẹni tí ewúrẹ́ bá ti wọ inú èlùbọ́ tó sá síta rí á mọ̀ pé kánsù ní ìdí tí wọ́n fi ń mú ẹran. Àmọ́ tó o bá máa mú nǹkan olóhun, kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Fáìnì wọn ń gorí ara wọn lójoojúmọ́, wọ́n sì ka gbogbo ìgbà tá a fi ń jiyàn lórí ta ló ni ín mọ́ ọn, owó tí mo san kọjá ìdajì iye tí wọ́n máa ta ewúrẹ́ yẹn lọ́jà. Mo wá ní kí wọ́n fún mi ní risíìtì owó. Ọ̀gá tó ń bèèrè risíìtì ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi yìí náà ló ní búùkù ti tán.

Ẹ tètè lọ, ẹ ya fọ́tò ẹran yín sórí fóònù látòní, ẹ mú owó dání torí wọn ò gba túrànsífá. Okùn náà, ẹ mú un dání, wọ́n máa tú tiwọn kí wọ́n tó ṣí géètì fún yín.