Bàtà Kan fún Òjò, Ọyẹ́ àti Ooru: Èwo Ló Tó Rà ní Àbújá?

Nǹkan mẹ́ta ló ń ba bàtà jẹ́ ní Àbújá, oníkálukú ló sì ní àsìkò tirẹ̀. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ẹrẹ̀ pupa sì ni tirẹ̀. Ọyẹ́ oṣù kejìlá àti oṣù kìíní a máa fa ọ̀rinrin inú awọ gbẹ títí awọ yóò fi sán. Ooru oṣù kẹta a máa mú gọ́ọ̀mù rọ̀, ẹsẹ̀ náà á sì wú. Ẹni tó bá ra bàtà nítorí àsìkò kan ṣoṣo á tún ra méjì mìíràn kí ọdún tó yípo. Oṣù mélòó ni ẹ lè wọ̀ ọ́ nínú méjìlá? Òṣùwọ̀n tí a fi wọn gbogbo wọn nìyẹn.

Awọ dídán àti súédì

Awọ ẹran gidi ni méjèèjì. Òde awọ ni dídán, inú rẹ̀ tí wọ́n ha títí tó fi hu irun wẹ́wẹ́ ni súédì. Lásìkò ọyẹ́, súédì ló ń yọ̀: eruku kò hàn lára rẹ̀ púpọ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ti tó, kò sì sí pé ó sán lójú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò kan ṣoṣo ká a mọ́ ojú ọ̀nà Kubwa. Ẹrẹ̀ á wọ inú irun náà, bí ẹ bá sì fi omi fọ̀ ọ́, àbàwọ́n á kàn fẹ̀ sí i ni. Tí ẹ bá ní bàtà mìíràn nílé, ẹ ra súédì. Tí kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀.

Awọ dídán ń fẹ́ ìtọ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ yípo ọdún. Lásìkò òjò, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹrẹ̀ kúrò kó tó gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi ìpara awọ pa á lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kíwì nìkan kò tó, torí dídán ló ń fún un, kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ awọ. Bí ìpara kò bá sí, òrí tó tó ẹ̀pà kan tó fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ fi ra á dáadáa, kó sùn mọ́jú, kí ẹ nù ún. Bó bá pọ̀ jù, awọ á dúdú sí i, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi òrí kan súédì láé.

Bí bàtà awọ bá rẹ nínú òjò, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gbé e sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Ooru òjijì á mú awọ gan, gọ́ọ̀mù á sì ṣí. Ẹ ki bébà ìròyìn sínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ bébà náà bó bá ti tutù, kí ẹ gbé e síbòòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Ní ti àwọ̀, búráùn borí dúdú níbí. Ilẹ̀ pupa Àbújá kì í hàn lára búráùn. Lára dúdú, ó dà bíi pé ẹ gba inú èlùbọ́ kọjá.

Awọ ewúrẹ́ tí àwọn Hausa fi èso igi bàgàrúwà ṣe ní Kano àti Sokoto dára gan-an fún sàńdà. (Òun náà ni òyìnbó ń pè ní awọ Morocco látijọ́, torí pé aṣálẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.) Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé aró pupa rẹ̀ lè ṣí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún níbi tó fara pamọ́. Bó bá pọ́n, ìbọ̀sẹ̀ yín náà á pọ́n.

Gọ́ọ̀mù tàbí òwú?

Ibí yìí lowó ti ń ṣòfò jù. Ẹ tẹ bàtà níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ wo etí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Bó bá la ẹnu, gọ́ọ̀mù nìkan ló dì í mú, kò sì ní ré òjò oṣù kẹjọ kọjá. Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á: ẹ gbé e fún atúnbàtàṣe kó fi òwú rán an yíká kí ẹ tó wọ̀ ọ́ rárá, kó sì fi ìda pa ojú ihò abẹ́rẹ́.

Tó bá jẹ́ bọ̀síkọ́nà (bàtà àlòkù), ẹ fi èékánná tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi fóòmù ṣe lè ti jẹrà nínú àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá wó wẹ́wẹ́ tàbí tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ dá a padà. Rọ́bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Lófà àti sníkà funfun

Lófà búráùn bá jáńpà mu, ó bá jínìsì mu, ó sì wọ ọ́fíìsì. Sníkà funfun kò bá jáńpà mu lójú tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ náà, ẹ yẹra fún kánfáàsì, torí ó ń mu ẹrẹ̀. Ẹ mú èyí tó ṣeé nù, kí ẹ sì wo etí ibi tí wọ́n gé: okùn wẹ́wẹ́ bí ti ẹran ni awọ gidi, bó bá jẹ́ aṣọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, rẹ́sìn (awọ àtọwọ́dá) ni, yóò bó níbi tó ń ká.

Bàtà pámù wà fún ooru àti Jímọ́ọ̀. Ó ń yọ̀ nínú òjò, ọyẹ́ sì ń la gìgísẹ̀ tó bá wà níta.

Aṣọ tó ń bá wọn rìn

Súwẹ́tà nípọn jù fún Àbújá. Jos ló yẹ ẹ́. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán mú, ẹ ó sì máa gbé e kiri lápá. Jákẹ́ẹ̀tì jínìsì fẹ́lẹ́ lórí ṣẹ́ẹ̀tì òwú sàn jù. Fún jáńpà, òwú borí pólístà: pólístà kì í mu òógùn nígbà ooru, nígbà ọyẹ́ ó ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ń ta páṣá páṣá bí ẹ bá ń bọ́ ọ. Ẹ tọrọ òwú kan lára aṣọ náà, kí ẹ fi iná sí i. Òwú gidi ń rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ sì rọ̀; pólístà á yọ́, á di kóró líle. Ẹ rẹ aṣọ òwú sínú omi kí ẹ tó gbé e fún télọ̀, kó má báa sún kì lẹ́yìn ìránṣọ. Kàmpálà, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.

Nọ́ńbà

Ọ̀sán ni kí ẹ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú. Ẹ dúró lórí bébà, kí ẹ wọn láti gìgísẹ̀ dé ìka tó gùn jù, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kí ẹ lo èyí tó gùn. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 kún un, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po kan àti ààbọ̀: ẹsẹ̀ tó gùn ní 26.5 á di 28, ìyẹn nọ́ńbà 42 ti Yúróòpù. Tí lófà bá ń yọ ní gìgísẹ̀ nínú ìsọ̀, ẹ mú èyí tó kéré ní nọ́ńbà kan, torí awọ ṣì máa tú.