Ilé Ìgẹrun Ajá ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́: Gígé Tó Yẹ Ajá Onírun Kíká

Ohun tí mo fi gbóríyìn fún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun ajá ní àdúgbò Ìjàpọ̀ níbí ni pé wọn kì í fọwọ́ kan kílípà kí wọ́n tó bi ẹni tó mú ajá wá ní ìbéèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà wo Tanímọ̀la, ajá mi tó jẹ́ irú ajá onírun kíká tí wọ́n ń pè ní Poodle, láti orí dé ìrù, ó wá ní: “Mọ́mì, ta ló máa ń ya irun rẹ̀ nílé? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lè yà á lọ́sẹ̀?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló yẹ kó pinnu irú gígé tí a ó mú, kì í ṣe àwòrán tó wù wá lórí fóònù.

Irun Poodle kò rí bíi ti ajá ìbílẹ̀ wa. Irun ajá ìbílẹ̀ wa kì í gùn kọjá ibi tó yẹ kó gùn dé. Á re, òmíràn á sì hù. Ti Poodle ń gùn sí i ṣáá ni, gẹ́gẹ́ bí irun orí ènìyàn, èyí tó bá sì re nínú rẹ̀ kì í sábà já bọ́, àárín èyí tó ká ló máa ń há sí. Àwọn ènìyàn a máa yìn ín pé kì í da irun sórí àga, òótọ́ sì ni, àmọ́ irun tí kò bọ́ sórí àga yẹn gan-an ló ń lọ́ mọ́ ara wọn lábẹ́ títí yóò fi di dàdà. Abíyá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀yìn etí, àti ibi tí okùn ọrùn ti ń ha á. Nígbà tí dàdà bá ti dì mọ́ awọ, yóò máa fa awọ náà ní gbogbo ìgbà tí ajá bá gbẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní í dé ibẹ̀ mọ́, omi òjò tó bá sì wọ ibẹ̀ kò ní í tètè gbẹ, ìyẹn ni egbò fi ń dá síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń béèrè gígé tí wọ́n ń pè ní Continental, èyí tí wọ́n fi ń fá ìdí àti ojú ajá kodoro, tí wọ́n á fi irun púpọ̀ sílẹ̀ láyà, tí wọ́n á sì fi ìṣù irun róbótó sí ọrùn ẹsẹ̀ àti ìrù. Iṣẹ́ ló bí gígé yìí. Ajá tó ń wọ odò lọ gbé ẹyẹ tí ọdẹ yìnbọn pa ni Poodle látilẹ̀wá, orúkọ rẹ̀ pàápàá láti èdè Jámánì ló ti wá. Wọ́n ń fá irun tó lè mú un wúwo nínú omi, wọ́n sì ń fi èyí tó bo àyà àti oríkèé sílẹ̀ kí òtútù má bàa mú un. Ajá tó ń gbé Àkúrẹ́ kò nílò irú ààbò bẹ́ẹ̀, irun àyà tó pọ̀ tó yẹn sì fẹ́ òòyà lójoojúmọ́, nítorí náà èmi kò lè gba ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ nímọ̀ràn pé kó mú un. Èyí tí wọ́n ń pè ní Lamb, tí wọ́n fi ń gé ara mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń fi irun ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó gùn díẹ̀, rẹwà lójú mi ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ni ẹrẹ̀ àti èèmọ́ máa ń rọ̀ mọ́ nígbà tí ajá bá gba inú koríko kọjá.

Èyí tí a jọ fẹnu kò sí ni Teddy Bear: gbogbo ara gùn dọ́gba, ó wà láàárín ìdajì íǹṣì sí íǹṣì kan, wọ́n sì fi àlùmọ́gàjí gé orí rẹ̀ róbótó. Mo ní kí wọ́n gé irun ẹnu rẹ̀ kúrú ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ, nítorí irùngbọ̀n tó gùn a máa gba oúnjẹ àti itọ́ dúró. Wọn kò fá a dé awọ, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí oòrùn lè jó awọ ajá tó funfun bíi tèmi.

Ọwọ́ ọmọkùnrin náà dára. Kó tó fi omi kàn án rárá ló ti yà á tán, nítorí omi máa ń mú kí dàdà fún pọ̀ sí i. Ó fi ọwọ́ òsì gbé irun sókè títí tí awọ fi hàn bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ya irun tó wà lábẹ́ ìlà náà, ó tún sọ ìlà mìíràn kalẹ̀ lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tó fi dé ẹ̀yìn. Láàárín iṣẹ́, ó máa ń dá kílípà dúró, yóò fi abẹ rẹ̀ kan inú ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná jù, torí pé abẹ tó gbóná lè jó ajá lára. Ó gbẹ etí rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn ìwẹ̀, ó sì gé irun tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀.

Àléébù wọn kò ṣàìsí. Ní ọjọ́ Sátidé, èrò máa ń pọ̀, wọ́n á so àwọn ajá sún mọ́ ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí bóyá Tanímọ̀la ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Èyí kò dára tó. Eégbọn ń ti ara ajá kan bọ́ sára òmíràn, ibi tí ajá bá sì ti ń pàdé ajá, ó yẹ kí wọ́n máa béèrè ìwé abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti ìtọ́jú nílé, búrọ́ọ̀ṣì onírin wẹ́wẹ́ àti òòyà onírin ló ṣe pàtàkì. Búrọ́ọ̀ṣì nìkan a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí ó lè mú kí òkè irun dán nígbà tí ìsàlẹ̀ ti dì. Òòyà tó bá kọjá láti awọ dé orí irun láìkọ́ ni ẹ̀rí pé ó ti yà. Pẹ̀lú gígé tí mo mú yìí, ọjọ́ méjì-méjì tó láti yà á, kí ẹ sì máa fi ìka wá eégbọn ní abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ẹ bá ti ń yà á. Ọṣẹ tí a ṣe fún ajá ni kí ẹ lò, nítorí tiwa lè mú awọ rẹ̀ gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà bá pé, ó ti tó láti tún gé e.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ yan àárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ti ya irun náà láti ilé, nítorí wọ́n ń gba àfikún owó lórí irun tó ti di dàdà. Bí dàdà náà bá sì ti kọjá ohun tí a lè tú láìjẹ́ pé ajá jẹ̀rora, wọ́n á sọ fún yín lójúkojú pé fífá ló kù, kí irun tuntun lè hù, mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.