Python, JavaScript, Go àbí Rust: èwo lẹ fẹ́ tẹpẹlẹ mọ́ n'Íbàdàn?

Èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni wọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tówó ń gbà lọ ni dátà, epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí wọ́n bá múná lọ, owó olùkọ́, àti oṣù tí ẹ máa yà sọ́tọ̀. Nítorí náà, láptọ́ọ̀pù ọwọ́ yín àti irú ẹni tí ẹ fẹ́ kó máa sanwó fún yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó tẹ̀lé èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Python ló rọrùn láti kà jù. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gbé e jáde lọ́dún 1991. Bí ẹ bá ń ṣèwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ẹ fẹ́ máa ṣírò àbájáde oko fáwọn bíi IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn: pandas àti NumPy, àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ìṣirò, ti wà nílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ (mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́) ò ju 4GB lọ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yára tó Go àti Rust, àti pé ojú ìwé tí oníbàárà ń tẹ̀ lórí fóònù, JavaScript náà lẹ máa padà fi ṣe é.

JavaScript yìí, ọjọ́ 10 péré ni Brendan Eich fi sáré kọ ọ́ ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bráúsà, lóṣù Karùn-ún 1995, ó sì ń hàn lára rẹ̀ títí dòní. Ẹ fi àmì àyọlò sí 5, kẹ́ ẹ ní kó ro ó pọ̀ mọ́ 1, "51" lẹ máa rí. Ẹ ní kó yọ 1 kúrò lára "5" yẹn kan náà, ó di 4! Àmọ́ ó ti wà nínú gbogbo bráúsà, ẹ ò ní í dáńlóòdù ohunkóhun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, láptọ́ọ̀pù àlòkù pàápàá á gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ tètè rówó lọ́wọ́ oníṣòwò Dùgbẹ̀ tàbí ilé ẹ̀kọ́ Bódìjà tó ń wá wẹ́ẹ́bùsaìtì, èyí lèmi máa yàn fún un. Kìkì pé kó má sáré kó sínú React, àkójọ kóòdù JavaScript tí wọ́n fi ń kọ́ ojú ìwé, kó tó mọ JavaScript fúnra rẹ̀.

PHP, èdè tí wọ́n fi kọ WordPress tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe wẹ́ẹ́bùsaìtì, ńkọ́? Iṣẹ́ WordPress ṣì wà, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró ná.

Go àti Rust, ẹni tó ti gbọ́ èdè kan tẹ́lẹ̀ ni mo ń bá sọ ọ́. Google kéde Go lọ́dún 2009. Ọ̀rọ̀ pàtàkì inú rẹ̀ ò ju 25 lọ, kì í sì í pẹ́ kó tó sọ kóòdù yín di fáìlì kan ṣoṣo tó ń dá ṣiṣẹ́. Rust, tí Mozilla tọ́ dàgbà, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde lọ́dún 2015, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí, ò ní gba iṣẹ́ yín bí apá kóòdù tó ni ohun inú mẹ́mórì ò bá dá a lójú. Ó ń jẹ RAM, iṣẹ́ ńlá sì lè fa bátìrì gbẹ kí wọ́n tó múná dé. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni "rustup doc": ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, gbogbo ìwé ìlànà á ṣí láìlo dátà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ ń wá, ẹ mú Go. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, Rust ni.

Olùkọ́ tó bá ní òun á fi oṣù mẹ́ta kọ́ yín ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fowó fún un. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré fún ìwé èsúsú ní méjì tó wù yín nínú àwọn èdè yìí: orúkọ, iye tí kálukú dá, ẹni tó kàn láti kó. Èyí tí ẹ bá parí láìjẹ́ pé ẹnì kan ń tì yín lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ gbówó lé.