Ìrẹ̀ tàbí mealworm (irú ìdin kan): èwo ni kí a fi bọ́ leopard gecko àkọ́kọ́?
Kòkòrò ààyè ni leopard gecko, ìbátan ọmọńlé tí àwọn kan ń sìn nílé, ń jẹ jù. Ìrẹ̀ máa ń fò kiri, èyí sì ń jẹ́ kí gecko ṣọdẹ, ṣùgbọ́n ìrẹ̀ ń ké lóru, ó tètè ń kú, èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù sínú àpótí lè bu gecko jẹ lójú oorun. Mealworm ṣeé tọ́jú sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì lè gun àwo dídán jáde. Àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù ti ìrẹ̀ lọ. Ẹ bu ìyẹ̀fun kálísíọ́ọ̀mù lé èyíkéyìí, kí egungun má baà rọ̀. Fún ọmọ gecko tí ó ń dàgbà, ìrẹ̀ ni mo fara mọ́. Ẹni tí kò ráyè ra kòkòrò lemọ́lemọ́ lè gbára lé mealworm fún àgbà, bí kò bá ti sanra jù.